Orogún Lateefat

Lateefat ń sọdá títì padà sí ṣọ́ọ̀bù táyà wọn ní Challenge, bọ̀ọ̀lì gbígbóná lọ́wọ́, nígbà tó ṣàkíyèsí pé ohun kan ò dún. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táńkì ń dún. Àwọn ọmọ gáréèjì ń pe èrò Ìjẹ̀bú bíi pé Ìjẹ̀bú fẹ́ sá lọ. Fáàfù orí táńkì atẹ́gùn nìkan ló dákẹ́.

Fáàfù yẹn kì í dákẹ́. Tí atẹ́gùn bá ti kún jù nínú táńkì, á ṣe "ṣìì", á tú díẹ̀ síta. Látìgbà tí epo ti wọ́n ni Lateefat ti ń bá a jà pé epo àwọn ló ń fi ṣòfò. Àwọn aládùúgbò ní orogún ẹ̀ ni.

Suhail, ọkọ ẹ̀, fẹ̀yìn ti táńkì bí ẹni tó wà ní pálọ̀, ó di ìbọn atẹ́gùn tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà mú.

"Ìyá Kaosarah, mo ti bá ẹ pa orogún ẹ. Irin ni mo fi dí i."

Bọ̀ọ̀lì bọ́. Abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn atẹ́gùn ti kọjá ibi pupa. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti táńkì kọ́ nìyẹn. Lateefat sáré pa ẹ̀rọ.

"Bàbá Kaosarah, ẹ rọra dìde. Ẹ gbé ìbọn yẹn jìnnà, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn máa jáde, ẹ má tú u sílẹ̀."

Suhail wo géèjì. Ẹ̀rín kú lẹ́nu ẹ̀. Ó rìn dé ibi tí rọ́bà atẹ́gùn gùn mọ, ó tẹ ìbọn. Ìbọn ń yí lófo, ó ń ké. Lateefat ba sẹ́yìn òkìtì táyà, bíi pé táyà lè gba bọ́ǹbù. Gbogbo àdúà tó mọ̀ ló gbà, títí kan ti oúnjẹ.

Díẹ̀díẹ̀, abẹ́rẹ́ wálẹ̀. Suhail dáwọ́ dúró. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́, wọ́n sì gbọ́ "fìì" tẹ́ẹ́rẹ́, níbi tí rọ́bà ti so mọ́ ìbọn. Suhail tutọ́ sí i, itọ́ hó. Ibẹ̀ latẹ́gùn ti ń jò, tó ń jẹ epo wọn tipẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ni ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ó fi ìrépé túùbù dì í pinpin. Ó gbé ìbọn lé nọ́ọ̀tì táyà kan tó ti ń bá a ṣagídí láti àárọ̀, ó tú lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ ò sì tíì tàn. Lẹ́yìn tí táńkì ṣófo tán, ó yọ irin kúrò lẹ́nu fáàfù.

Wọ́n tan ẹ̀rọ padà. Wọ́n jókòó jìnnà sí i, wọ́n ń wò ó.

Ṣìì.

Suhail yíjú sí ìyàwó ẹ̀, ó ń retí èébú. Èémí tí Lateefat ti sé mọ́nú látọjọ́ yìí ló jáde, òun àti ti fáàfù pọ̀.