Nọ́mbà Inú Kọ́sẹ́ẹ̀tì Lettice

Àtẹ̀gùn mọ́kànlá péré ló wà láti ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù dé yàrá tí wọ́n ti ń wọn aṣọ lókè, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni Lettice Garland dúró mí. Keziah Prowse, tó ti ń rán kọ́sẹ́ẹ̀tì, aṣọ ìfúnbàdí àwọn obìnrin, ní Portsmouth fún ogún ọdún, gbọ́ ọ kó tó rí i.

"Méjìdínlógún ni mo fẹ́," ni Mísísì Garland, ìyá ọmọ náà, wí. "Ínṣì méjìdínlógún ni ìbàdí ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó tiẹ̀. Wọn ò ní fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Òtútù àyà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ ni, Mà," ni Keziah wí.

"Ta ni yóò wo inú àyà rẹ̀?"

"Màmá, ṣé n ó lè jẹun lọ́jọ́ náà?" ni Lettice bèèrè.

"Ìyàwó ò wá jẹun. Ìyàwó wá jókòó."

Nígbà tí wọ́n lọ, Keziah gé aṣọ náà sí ínṣì méjìlélógún. Ó fi abala onígun mẹ́ta fẹ igbáàyà àti ìdí rẹ̀, kí àárín lè dà bí èyí tó kéré. Ó gbé egungun àbùùbùtán tó ń mú kọ́sẹ́ẹ̀tì dúró sórí ooru ìkòkò, ó tẹ̀ ẹ́ kí ó má baà gún ẹ̀dọ̀fóró. Gbogbo kọ́sẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù náà ló ń ní òǹtẹ̀ ìwọ̀n nínú. Keziah ti òǹtẹ̀ méjìdínlógún bọ tàdáwà, ó sì tẹ̀ ẹ́ síbi ihò okùn. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá mọ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì, Lettice wọ̀ ọ́. Etí kọ́sẹ́ẹ̀tì náà méjèèjì pàdé lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ṣí etí rẹ̀ díẹ̀, ó ka nọ́mbà, ó pàtẹ́wọ́.

"Láìdákú! Ó dáa, bó ṣe rọrùn tó yìí, kọ́sẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mi ni yóò máa wọ̀ sùn láti òní. N ó máa fà á fúnra mi. Ká tó ṣègbéyàwó, a ti dé mẹ́rìndínlógún."

Lettice di tábìlì mú. Keziah wo ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Mà, kì í ṣe méjìdínlógún."

"Mo kà á!"

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́." Keziah fa téèpù yọ lọ́rùn, ó yí i ká ìbàdí ọmọ náà, ó fi ìka mú ibi tó parí sí. Méjìlélógún. "Bí ẹ bá fà á jù báyìí lọ, kò ní lè gun àtẹ̀gùn mọ́."

Mísísì Garland wo téèpù pẹ́. Ó wo ọmọ rẹ̀ nínú dígí láti iwájú, ó ní kó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí náà ni."

"Ọmọdé, wọ aṣọ rẹ. O ò ní wọ kọ́sẹ́ẹ̀tì kankan sùn mọ́." Ó gbé báàgì rẹ̀. "Keziah, tún òǹtẹ̀ yẹn tẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ò hàn dáadáa."