Íǹṣì Kan Lára Funfun

Ṣòkòtò ni mò ń rán ní Ìgàndó láti ìgbà tí mo ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, n kò sì tijú rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ṣòkòtò rọrùn láti rán, kó rán ọ̀kan, kó wọ̀ ọ́, kó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò bóyá kò ní ya. Nítorí náà, nígbà tí Màdámù Ìbíyẹmí, ọ̀gá ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa, ní kí n rán àsíá tí wọ́n máa fà sókè lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1990, tí òmìnira Nàìjíríà máa pé ọgbọ̀n ọdún, gbogbo àdúgbò ni mo sọ fún. Báyọ̀, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Gàníyù, àsíá kì í ṣe ṣòkòtò o! Ẹ má lọ fi ẹsẹ̀ méjì sí i."

Mo ra pọ́pílìn aláwọ̀ ewé àti funfun lọ́jà Ìkòtún. Mo gé e sí mẹ́ta ọgbọọgba, mo rán wọn pọ̀, mo sì ká ojú ìrán náà mọ́nú kí ẹ̀yìn má bàa yàtọ̀ sí iwájú, torí pé àsíá kò ní òdì.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì Màdámù. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó mú rúlà onígi, ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n.

"Ìyá Gàníyù, ẹ wá wò ó. Ewé ọ̀tún àti tòsì dọ́gba, ṣùgbọ́n funfun fi íǹṣì kan kéré."

Mo gbójú sókè. Lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ya àmì ìdánimọ̀ Nàìjíríà: apata dúdú tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ẹyẹ idì pupa lókè rẹ̀, ẹṣin funfun méjì tó dì í mú. Ó dà bíi pé àwọn ẹṣin náà ń fi mí ṣẹ̀sín.

"Màdámù, íǹṣì kan péré! Ta ló máa gun òpó lọ wọ̀n ọ́n?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Yorùbá kan ló ya àsíá yìí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1959. Oòrùn pupa wà láàárín funfun yẹn nígbà náà, àwọn tó yan àsíá ló yọ ọ́. Ewé ni ilẹ̀ àti oko wa, ọrọ̀ wa nìyẹn. Funfun ni àlàáfíà. Ṣé àlàáfíà lẹ fẹ́ kí n dín kù lójú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́?"

Ó ní tí n kò bá tún un ṣe kó tó di Sátidé, òun máa lọ ra òmíràn. Báyọ̀ rí àsíá náà lábẹ́ apá mi bí mo ṣe ń bọ̀.

"Wọ́n ti dá a padà, àbí?"

Mo pòṣé, mo kọjá. Inú bí mi, ojú sì tì mí gan-an.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo rí àṣìṣe mi. Ìránpọ̀ gba íǹṣì kan lára ewé kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n funfun wà láàárín: ó gba íǹṣì kan lápá ọ̀tún rẹ̀, ó tún gba òmíràn lápá òsì. Òun ló so wọ́n pọ̀, òun náà ló pàdánù jù. Mo sáré lọ sí Ìkòtún, pọ́pílìn funfun yẹn ti tán. Mo padà jókòó ti maṣíìnì mi, ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí. Ìgbà yẹn ló wá sí mi lọ́kàn: bí n kò bá lè fi kún àlàáfíà, kí ọrọ̀ yọ̀ǹda díẹ̀ nínú tirẹ̀. Mo ká etí ìta ewé méjèèjì wọlé ní íǹṣì kan, mo rán an ní ìlọ́po méjì kí atẹ́gùn má bàa ya á. Mo ká ìsàlẹ̀ náà díẹ̀ kí gígùn rẹ̀ lè ṣì jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màdámù wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó pé."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pápá ilé ìwé kún fọ́fọ́. Báyọ̀ náà wá. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ di àsíá náà mú, ó yí i síwájú sẹ́yìn, ó ń wá òdì, kò rí i.

"Ṣọ́ọ̀bù wo lẹ ti rà á?"

"A ò rà á, sà," ni Màdámù wí. Ó nawọ́ sí mi láàárín èrò. "Ìyá Gàníyù, ẹ máa bọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa fà á sókè."

Mo la àárín èrò kọjá lọ sídìí òpó. Mo di okùn mú, mo fà á títí ó fi dókè. Atẹ́gùn ṣí i gbalaja: ewé, funfun, ewé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Àwọn ọmọ kí i, àwọn àgbà dìde. Nígbà tí orin orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀, n kò mọ ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àmọ́ ohùn mi ló ga jù ní gbogbo pápá.