Kẹ́ẹ̀gì Tí N Kò Ṣàn

Ní jẹ́tì Ìpakòdò ni ojú wa ti ṣe mẹ́rin. Èrò ń tira wọn, kálukú ń dù láti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé kẹ́ẹ̀gì funfun méjì sí èjìká. 

"Arẹwà, ṣé o máa bá mi gba ọ̀kan ni, àbí o fẹ́ kí n jìn sómi?"

"Ta ló ní kó o ru ilé rẹ wá?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo gba ọ̀kan.

Bólúwají lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀ṣun tó gba yàrá ní Ìtamàgà, tó ń kọ́ nípa ike ṣíṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló po ohun tó ń pa kòkòrò àrùn mọ́ ike kẹ́ẹ̀gì náà. Ó ń wá ilé tí wọ́n á ti lò ó wò, ni mo bá mú un dé abúlé apẹja wa lápá Ẹ̀pẹ́, sọ́dọ̀ màmá mi.

"Bó bá pẹ́, agbára rẹ̀ á tán," ó ṣàlàyé fún mi. "Ní gbogbo Sátidé, fi omi tó o da jíìkì ìfọṣọ díẹ̀ sí ṣàn án, kó o tún fi omi lásán ṣàn án. Agbára náà á padà."

Àmọ́ bí màmá ṣe gbóòórùn jíìkì ni wọ́n figbe ta. "Kẹ́míkà! Irú ẹ̀ ni wọ́n dà sọ́sà lọ́jọ́sí tí gbogbo ẹja fi kú léfòó, tébi fẹ́ẹ̀ pa wá. Kò gbọdọ̀ kan omi tí mò ń mu. Eérú àti yanrìn nìyá mi fi ń fọ ìkòkò omi."

N kò sọ fún Bólúwají. Ẹ̀rù ń bà mí pé á gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lọ sílé mìíràn, n kò sì ní rójú rẹ̀ mọ́.

Tó bá dé ní Sátidé, á ṣí ìwé rẹ̀. "Fúnmbí mi, ṣé o ti ṣàn án?"

"Mo ti ṣàn án."

Á kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi á máa dùn, orí mi ò pé.

Màmá tó máa ń se omi kí wọ́n tó mu ún kò sè é mọ́. "Kí nike ọkọ ọmọ mi wà fún?" Wọ́n á fẹyín sí mi.

Nígbà òjò, onígbáméjì wọ abúlé. A ò tíì gbé màmá dé ọsibítù Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n fi dákẹ́ mọ́ mi lápá.

Lẹ́bàá sàréè, Bólúwají sunkún jù mí lọ. "Èmi ni mo pa wọ́n. Ike mi ò ṣiṣẹ́." Kò tún débi tó ti ń po ike mọ́. Ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé òun ti pa iṣẹ́ ike náà tì.

Mo kọ lẹ́tà. *Ike rẹ kò kùnà. N kò fi jíìkì ṣàn án rí. Irọ́ ni mo ń pa fún ọ, torí mo fẹ́ kó o máa wá.* Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e dé Ìtamàgà tí mo padà. Bí mo bá panu mọ́, á ṣì fẹ́ mi, á sì máa ru ikú ìyá mi kiri.

Lónìí, mo bá a níbi tó ti ń di àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ pọ̀ kó lè kó wọn fún àwọn tó ń ra ike àlòkù.

"Fúnmbí mi, o ti gbẹ. Ṣé o jẹun?"

 Mo nawọ́ lẹ́tà náà sí i, ó sì gbà á.