Òpó Tó Ga Jù

Oyè ara rẹ̀ ni wọ́n kọ sábẹ́ òpó pupa náà.

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Òpó náà kò kúrò. Láti ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri yàrá ìpàdé ló ti gbéra, ó ga lọ sókè bíi pé ó fẹ́ forí lu àjà. Àwọn òpó yòókù, ti àwọn ayàwòrán, ti àwọn tó ń ra ohun èlò, ti àwọn tó ń ri páìpù mọ́lẹ̀, àwọ̀ ewé ni gbogbo wọn, wọ́n sì kúrú bíi koríko lẹ́sẹ̀ igi ìrókò.

"Ara ẹ̀rọ yìí ò yá," ni ọ̀gá wí.

"Ara rẹ̀ le, sà," ni Ìyá Ìbejì dáhùn. "Mo yẹ̀ ẹ́ wò lánàá láti orí dé ẹsẹ̀, mo tún yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí. Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn, tí mo ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ ṣáájú àwọn èèyàn dé."

Ìyá Ìbejì ló ń bójú tó ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìrìn iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ omi ni, ọ̀gá sì ni agbaṣẹ́ṣe tó gbà á. Wọ́n fẹ́ fa omi láti inú àwọn àgbá ńlá etí odò gba inú páìpù lọ sí àwọn ilé orí òkè, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi korobá pọnmi látìgbà tí wọ́n ti dáyé. Ètò ọ̀hún kò ṣòro lóye. Bí àwòrán iṣẹ́ kan bá ti dé orí tábìlì èèyàn, aago bẹ̀rẹ̀ sí í kà nìyẹn. Bó bá kúrò níbẹ̀, aago dúró. Lẹ́yìn náà, ètò á ro gbogbo ìdádúró pọ̀, á na òpó kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, á sì kun èyí tó bá ga jù ní pupa. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Wòlíì, nítorí wọ́n ní kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ kó tó ríran.

Irọ́ ni wọ́n pa. Ọ̀gá ló bẹ̀ ẹ́. Ní ìpàdé tó kọjá, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti sú àwọn tó ni iṣẹ́, tí Ìyá Alága, olórí wọn, béèrè pé ta gan-an ló ń fa omi àwọn sẹ́yìn, ọ̀gá dìde, ó tún ọrùn kóòtù rẹ̀ ṣe, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ra ẹ̀rọ kan tí kì í ṣojúsàájú. "Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé," ó wí, ó sì na ìka tirẹ̀ sókè kí wọ́n lè rí àpẹẹrẹ. "Ẹni tí òpó rẹ̀ bá ga jù, ilé ló ń lọ." Ó wá bojú wo ọ̀kánkán Baba Páìpù, olórí àwọn tó ń ri páìpù, gbogbo ojú sì tẹ̀lé tirẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ìka tó nà sókè lọ́jọ́ náà ní àbàwọ́n ìńkì àwọ̀ ewé. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i, àfi bóyá Ìyá Ìbejì.

Ó yẹ ká sọ díẹ̀ nípa ìńkì yẹn. Àwòrán kankan ò gbọ́dọ̀ dé ojú iṣẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀gá fi kálàmù rẹ̀ fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi wàdùwàdù ṣe. Ó ní ìwo, ó ní ìrù, ó ní ìlà méjì nísàlẹ̀ bí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún ọlọ́lá. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ọkàn tó balẹ̀ àti ọ̀sán tó tutù. Àwọn àwòrán a wá tò sórí tábìlì rẹ̀, wọn a máa retí bí èrò ilé ìwòsàn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè wọn, ọ̀gá a rẹ́rìn-ín músẹ́, a ní, "Fọkàn balẹ̀, ó ti dọ́wọ́ mi." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ó-Ti-Dọ́wọ́-Mi nìyẹn. Ó ta sí i létí lẹ́ẹ̀kan, ó sì rò pé wọ́n ń yin òun ni.

"Ta ló ti rí i?" ó bi Ìyá Ìbejì.

"Èmi nìkan, sà."

"Àwọn tó ni iṣẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ti wà lọ́nà."

Ọ̀gá wo kóòtù tuntun ọrùn rẹ̀. Láàárọ̀ yìí nílé, ó ti dúró níwájú dígí, ó ti fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ dánra wò. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ láti yàrá kejì. "Baba wọn, ọ̀rọ̀ yẹn mà dùn o," ni ìyàwó wí. "Ta lẹ wá fẹ́ lé?"

Ìyá Ìbejì kọjú sí fèrèsé. "Ibì kan wà nínú ètò náà, sà, téèyàn ti lè yọ ẹni tó bá wù ú kúrò lórí àtẹ. Torí àwọn tó bá lọ ìsinmi ni wọ́n ṣe ṣe é."

"Ṣé mo ní kẹ́ ẹ yọ mí ni?"

"Ẹ ò wí bẹ́ẹ̀, sà. Èmi náà ò wí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń ṣàlàyé."

Ọ̀gá rìn yí tábìlì po. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ṣebí ọ̀gá yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́? Ṣebí ojú tó ń rí gbogbo nǹkan kò lè rí ara rẹ̀? "Òṣùwọ̀n kì í wọn ara rẹ̀," ló sọ síta, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé ó tún un sọ. "Àbí òṣùwọ̀n ń wọn ara rẹ̀, Ìyá Ìbejì?"

"Ọ̀rọ̀ yín dùn, sà."

"Ó dáa. Ẹ yọ ọ́."

Obìnrin náà tẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà. Òpó pupa pòórá wẹ́rẹ́, bí iná àbẹ́là tí wọ́n fẹ́ pa. Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Kò tíì mí tán tí nǹkan mìíràn fi bẹ̀rẹ̀. Òpó kúkúrú kan, tó ti wà ní kọ̀rọ̀ láti àárọ̀ láìdá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ń dìde. Ó ga kọjá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ga dé àárín, ó ga kan òkè. Àwọ̀ ewé ara rẹ̀ sì di pupa yòò. "Alábòójútó Páìpù" ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, oyè Baba Páìpù.

"Kí lòun jẹ tó fi ń dàgbà báyìí?"

"Kò dàgbà, sà. Ẹni tó ga jù ló kúrò. Wòlíì kì í jẹ́ kí òkè ṣófo. Ẹni tó bá ga jù nínú àwọn tó kù, òun ló máa ń nà débẹ̀."

"Ìdádúró tirẹ̀ wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe wà."

Ọ̀gá ṣẹ́jú pẹ́kẹ́. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ẹni tó ti fojú tọ́ka sí tẹ́lẹ̀ nìyí, Wòlíì sì ti gbè é lẹ́yìn. Àmọ́ ó ti rí igi yìí nígbà tó wà ní koríko, kò sì mọ bó ṣe lè ṣe é kí ojú òun gbàgbé.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Baba Páìpù ló wọlé, orí rẹ̀ funfun ju ti ọ̀gá lọ. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ gbọnrangandan, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, ó sì ti dan bàtà iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ìyá Ìbejì, ẹ káàárọ̀. Àwọn ìbejì ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Baba. Wọ́n ti ja ti àárọ̀ tán."

Baba Páìpù wo tẹlifíṣọ̀n. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀, ó sì mirí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí dókítà sọ ohun tó ti mọ̀ fún. Ó gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ kan sórí tábìlì.

"Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù nìyí. Àmọ́ tìyẹn kọ́ ni mo bá wá. Mo ní kí n wá dúpẹ́ kí èrò tó dé. Bí wọ́n bá dé tán, ariwo ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọpẹ́."

"Ọpẹ́ kí ni?"

"Ti kòtò ẹ̀yìn ilé ìwé, sà. Ẹ ò lè ti gbàgbé. Gbogbo wa là ń ráhùn pé àwòrán rẹ̀ ti pẹ́ jù lọ́wọ́ yín. Èmi gan-an bú yín, ẹ forí jì mí. Mo bú yín dáadáa. Ẹ ò dá wa lóhùn. Ẹ fọwọ́ lẹ́rán títí òjò ńlá yẹn fi rọ̀, tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tá a fẹ́ gbẹ́ ya lulẹ̀. Ká ní ẹ ti fọwọ́ sí i nígbà tá à ń pariwo, inú kòtò yẹn làwọn èèyàn mi ì bá wà." Ó họ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. "Látọjọ́ náà ni mo ti sọ fún ara mi pé, bí àwòrán bá pẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó ní ohun tí ọ̀gá rí. Mi ò ráhùn mọ́."

"Ṣé torí ìyẹn lẹ ò ṣe sọ̀rọ̀ ní ìpàdé? Gbogbo ìgbà tí mò ń pariwo lé yín lórí pé iṣẹ́ ò lọ?"

"Mo rò pé ẹ mọ ibi tí àwọn àwòrán wà, sà."

Ọ̀gá rántí kòtò náà. Ó rántí ọ̀sẹ̀ yẹn dáadáa. Ìńkì àwọ̀ ewé rẹ̀ ló tán. Wọ́n gbé búlúù wá fún un, ó ní òun ò lè torí kòtò ba ìfọwọ́sí òun jẹ́, ó sì ránṣẹ́ sí òkèèrè kí wọ́n fi irú tirẹ̀ ránṣẹ́. Gbogbo ọgbọ́n tó dá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò ló gbọ́n.

Ó ti múra sílẹ̀ de ẹ̀sùn. Ó pẹ́ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀sùn lóhùn. Ọpẹ́ tí kò tọ́ sí i ni kò ní ohun tó lè fi gbà.

"Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín, Baba," ó wí. "Ẹ wá ibì kan jókòó sí."

Baba jókòó, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ìró ọkọ̀ dé sí ìta. Ìyá Ìbejì pa tẹlifíṣọ̀n.

Ìyá Alága ló kọ́kọ́ wọlé, àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ohùn yẹn náà ló sì máa ń mú kí agbaṣẹ́ṣe làágùn. Ó gbé báàgì lé orúnkún.

"Ẹ̀rọ yín ti sọ̀rọ̀?"

"Ó ti sọ̀rọ̀, mà."

"Ta ló mú?"

Ọ̀gá dìde. Ó tún ọrùn kóòtù rẹ̀ ṣe. Ohun tí ọwọ́ bá ti mọ́ lára, kì í béèrè kó tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ dídùn tó ti fi dánra wò níwájú dígí ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó bojú wo Baba Páìpù. Baba fi ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wò ó pẹ̀lú ojú ẹni tó dá lójú pé ohunkóhun tí ọ̀gá òun bá ṣe, ó ní ohun tó rí. Bó jẹ́ pé ojú ìbínú ni, ọ̀gá ì bá rí i gbé.

"Ìyá Ìbejì," ó wí, "ẹ dá mi padà síbẹ̀."

Ìyá Alága wò yíká. "Kí wọ́n dá ta padà síbo?"

"Èmi, mà. Sórí àtẹ."

Ìyá Ìbejì tan tẹlifíṣọ̀n. Òpó ọ̀gá ti dúró níbẹ̀ gàgàrà, pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀ lábẹ́. Baba Páìpù ti padà di koríko. Ẹnì kan wúkọ́, ó sì kábàámọ̀ pé òun wúkọ́.

"Orí tábìlì mi ni àwọn àwòrán náà wà," ni ọ̀gá wí. "Baba Páìpù ò dá nǹkan kan dúró. Èmi ni mo sọ pé ẹni tí òpó rẹ̀ bá ga jù, ilé ló ń lọ. Mi ò tíì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Ìyá Alága wo òpó náà títí, ó tún wo ọ̀gá. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìgbà tí ohùn jáde ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

"Ó pẹ́ tí mo ti ń rí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ," ó wí, ó ń nu ojú. "Ẹ̀rọ tó mú ẹni tó rà á, mi ò rírú ẹ̀ rí. Ilé kẹ̀? Ta ló máa wá parí omi mi? Èmi tí mò ń gbé orí òkè, tó jẹ́ inú korobá ni mo ti bomi wẹ̀ kí n tó wá síbí? Ẹ jókòó, jàre. Ẹ ṣáà sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí tábìlì yẹn fún mi."

Ọ̀gá yọ kálàmù rẹ̀ ní àpò àyà. Ó wò ó bí ẹni tó ń sin ọmọ lọ sílé ọkọ, ó sì yí i gba orí tábìlì lọ bá Baba Páìpù. "Àwọn àwòrán páìpù kéékèèké, kí Baba máa fọwọ́ sí wọn. Àwọn ńlá nìkan ni kí wọ́n máa gbé wá bá mi."

Baba fi ìka méjì mú kálàmù náà. "Ṣé dandan ni kí n fa ìlà méjì sísàlẹ̀, sà?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

Nígbà tí wọ́n túká, ó sin Baba dé ẹnu ọ̀nà. "Baba, ọ̀rọ̀ kòtò yẹn. Ìńkì mi ló tán."

"Ìńkì?"

"Ìńkì."

Baba Páìpù dì mọ́ òpó ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ṣáà bá mi kí ìńkì náà, sà. Ẹ ní àwọn èèyàn mi ṣì wà láyé." Ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò, ó lọ, wọ́n ń dún wọnranwọnran lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀gá padà wá jókòó. Ìyá Ìbejì ń ká wáyà. Baba ti dákẹ́ fún un ní gbogbo ìpàdé. Obìnrin yìí ti pè é ní kùtùkùtù kó má bàa jẹ́ pé ojú èèyàn ló ti máa rí ìtìjú rẹ̀. Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ó ti pa òwe yẹn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn rí.

"Ẹ ṣé," ó wí. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò ní ìwo, kò ní ìrù. Ó tún ní, "Ẹ mà yára o. Mi ò tíì panu dé tẹ́ ẹ ti dá mi padà."

"Mi ò dá yín padà, sà. Nígbà tẹ́ ẹ ní kí n yọ yín, ojú tẹlifíṣọ̀n nìkan ni mo ti yọ yín. Mi ò ní kí ètò tọ́jú àyípadà náà. Bí mo ṣe pa tẹlifíṣọ̀n tí mo tún tàn án, ó padà sí bó ṣe wà."

"Ká ní mi ò wá sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

Ìyá Ìbejì rò ó, pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ń la ìjà ọmọ méjì láràárọ̀.

"Ó ti dọ́wọ́ yín, sà," ó wí. "Mo mọ̀ pé ẹ máa fọwọ́ sí i. Ó kàn lè pẹ́ díẹ̀ ni."

Ọ̀gá dìde, ó lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì padà wá pẹ̀lú àwọn àwòrán rẹpẹtẹ láyà. Ó tú wọn sórí tábìlì ìpàdé, ó na ọwọ́ sí àpò àyà, ó bá a lófìfo.

"Ẹ yá mi ní bíírò kan."

"Búlúù ló wà lọ́wọ́ mi, sà."

"Ẹ mú un wá," ni ọ̀gá wí, ó sì fa àwòrán àkọ́kọ́ mọ́ra.