Ife Wáìnì Kan Nínú Ìkòkò Alhaja

Ẹni tó bá mọ Alhaja Sìkírátù ní Torino á mọ̀ pé ohun méjì ni kì í wọ ilé wọn: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí. Tí a bá yọ méjì yìí kúrò, ilé náà gba gbogbo ayé. Ó gba Olúwarẹ̀mí, ọmọ onígbàgbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Cuneo. Ìyá náà ló bẹ Alhaja pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n bá òun gba ọmọ sọ́dọ̀, kó lè ríṣẹ́ ní ìlú ńlá. Ọdún kejì rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Alhaja fúnra wọn ló máa ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀: "Rẹ̀mí, dìde o! Àbí pásítọ̀ yín ló máa gbé ìwàásù wá bá ọ lórí bẹ́ẹ̀dì?"

Rẹ̀mí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí wọ́n bá pè é, á kúnlẹ̀. Tí wọ́n bá rán an, á lọ. Tí àgbàlagbà bá sì bi í ní nǹkan, ohun tí àgbàlagbà náà fẹ́ gbọ́ ló máa ń kọ́kọ́ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni àwọn ènìyàn ń pè é. Òun náà rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni.

Ìyá àgbà kan wà ní àjà kẹrin ilé tó kángun sí tiwọn, ará Jámánì, Martina lorúkọ wọn. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, wọn ò lè dá ìkòkò gbé mọ́. Láràárọ̀ ni Rẹ̀mí ń lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Martina á jókòó sórí àga lẹ́bàá sítóòfù, wọ́n á máa pàṣẹ: da ìyẹn sí i, dín iná kù, má fi ọmọrogùn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Rẹ̀mí ti kọ́ oúnjẹ dídùn kan tí wọ́n ń pè ní Rote Grütze. Èso pupa kéékèèké ni wọ́n ń fi sè é: ribes tó kan lẹ́nu, lampone tó rí bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín pọ̀, àti ṣẹ́rì tí wọ́n ti yọ kóró rẹ̀. Wọ́n á sè é pẹ̀lú ṣúgà títí omi rẹ̀ á fi jáde, wọ́n á fi omi tútù po ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún, wọ́n á dà á sí i, wọ́n á máa rò ó títí á fi ki. Nígbà tí Rẹ̀mí kọ́kọ́ rí i, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ògì mà lèyí. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ rírò rẹ̀ kí Martina tó la ẹnu.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣàjèjì sí i, ife wáìnì pupa kan tí Martina máa ń ní kó dà sí i kí ó tó hó. "Láìsí wáìnì," ni wọ́n máa ń wí, "jáàmù lásán ni."

Martina fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún lọ́jọ́ Ẹtì. Wọn ò bímọ, ọkọ wọn ti kú. Rẹ̀mí sọ pé òun á se Rote Grütze náà, òun á gbé e wá bá wọn lójijì. Kò lè sè é lójú wọn kó tún jẹ́ ìyàlẹ́nu. Ibo ló kù bí kò ṣe ilé ìdáná Alhaja?

Ní Ọjọ́bọ̀ ó ra èso ní ọjà Porta Palazzo, ó ra wáìnì inú páálí, èyí tó kéré jù lórí igbá, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì, ó to èso lé e lórí. Bó ṣe gbé e kọjá ẹnu ilẹ̀kùn Alhaja, ojú ti ń tì í. Àmọ́ ó ti ro gbogbo rẹ̀ tán. Alhaja wà ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ wọn. Kí wọ́n tó dé, òun á ti gbé e pamọ́ sí yàrá òun di ọ̀la, òun á ti fọ ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹta. Iná á sì ti gba agbára lọ́wọ́ ọtí.

Ohun tí kò rò ni pé ọjọ́ Árífà ni, Iléyá ku ọ̀la. Alhaja ń gba ààwẹ̀, wọn ò sì ní pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó ti da oúnjẹ náà sínú abọ́ ńlá kan, ó gbé e sí ojú fèrèsé kó lè tutù, ó ń fọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn. Alhaja ló wọlé, pẹ̀lú Fàrídà ọmọ wọn, àti Alhaji Làmídì, bàbá tó ti ṣiṣẹ́ irin ní Brescia títí tó fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo Mùsùlùmí Yorùbá àdúgbò ló ń bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ àgbò ọ̀la ló gbé wọn wá.

Alhaja dúró níwájú fèrèsé. Gbogbo ọjọ́ Ajé tí wọ́n bá ń gba ààwẹ̀ náà ni Rẹ̀mí máa ń se ògì ìṣínu fún wọn, ibẹ̀ yẹn gan-an ló sì máa ń gbé e sí.

"Rẹ̀mí! Ògì pupa lo sè dè mí lónìí?"

"Ẹ kú àbọ̀, mà."

"Alhaji, ẹ wá wo ọmọ tí mò ń sọ fún yín. Èmi kọ́ ni mo bí i o, àmọ́ ó mọ ìgbà tí ọ̀fun mi gbẹ."

Fàrídà gbé ojú kúrò lára fóònù. "Mamma, è un dolce tedesco." Oúnjẹ dídùn àwọn ará Jámánì ló ń wí.

"Tẹdẹ́sìkò kí ni? Ẹnu ẹ ni tẹdẹ́sìkò. Ìwọ tí mo bí sí Torino yìí, o ti gbé omi kaná fún mi rí?"

Alhaji Làmídì rẹ́rìn-ín. "Ọmọ dáadáa. Kí lo fi sè é, ọmọ mi?"

"Èso ni, sà. Àti ṣúgà."

"Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀?"

"Kò sí, sà."

Kò mọ ìgbà tó sọ ọ́. Ó rọrùn lẹ́nu bí ìgbà tí ènìyàn ń kí àgbà. Nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀, Alhaji ti yí sí ọ̀rọ̀ àgbò.

Oòrùn oṣù kẹfà kì í tètè wọ̀. Wákàtí kan gbáko ló kù kí wọ́n ṣínu. Nínú wákàtí kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Rẹ̀mí wá sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Lẹ́ẹ̀kan, Alhaja rí i. "Kí lo fẹ́?" "Ṣé kí n bu omi wá, mà?" ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó padà sí ilé ìdáná, ó fi ọwọ́ kan abọ́ náà, ó rò pé kí òun ṣe bí ẹni pé ó bọ́ lọ́wọ́ òun. Abọ́ náà ò tilẹ̀ gbóná mọ́ tó fi máa ní ó jó òun lọ́wọ́. Ó yọ ọwọ́.

Wọ́n fi èso dàbínù àti omi ṣínu, wọ́n kírun, wọ́n gbé abọ́ náà sáàárín. "Bísímílàhì," ni Alhaja wí. Ṣíbí kan ni wọ́n mu, wọ́n dijú. Alhaji bu lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí abọ́ gbẹ, Alhaja ní kí Rẹ̀mí wá kúnlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ ẹ máa mọ́ títí ayé."

"Àmín, mà."

"O ò ní fún àgbà ní ohun tó máa pa á lára."

"Àmín."

Tí ilẹ̀ bá lè lanu ni, Rẹ̀mí ì bá wọlé sí i. Alhaja wá tún fi kún un: "Ìkòkò ńlá ni kó o fi sè é lọ́la fún àwọn àlejò Iléyá mi. Irú èyí gan-an."

Ní òwúrọ̀ Iléyá, nígbà tí àwọn ará ilé lọ kírun ní pápá, Rẹ̀mí tún dúró lẹ́bàá sítóòfù. Kò fi ọtí kan ìkòkò. Ó ní lọ́kàn pé tí òun bá ti se èyí tó mọ́, ti àná á lọ ní tirẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Ó rò ó dáadáa, ó ki, ó pupa, ó ń dán.

Alhaja dé nínú aṣọ funfun, inú wọn dùn. Àlejò tó kọ́kọ́ wọlé ni Alhaji Làmídì, ó jókòó sí pálọ̀. Alhaja wá sí ilé ìdáná, wọ́n fi ṣíbí bù ú wò. Wọ́n tún bù ú wò.

"Kì í ṣe ti àná rèé. Kí lo yọ kúrò?"

"Bóyá... bóyá ṣúgà ló kéré, mà."

Alhaja gbé ṣúgà, wọ́n bu ṣíbí kan sí i, wọ́n rò ó, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n mi orí. "Kì í ṣe ṣúgà. Ti àná ní nǹkan kan tó máa ń kẹ́yìn lọ́nà ọ̀fun. Kí ni nǹkan náà? Sọ fún mi, kí n ní kí Fàrídà lọ rà á wá."

Ohun tó fọ́ Rẹ̀mí nìyẹn. Kì í ṣe pé Alhaja fura. Wọn ò fura rárá. Wọ́n ti na ọwọ́ sí pọ́ọ̀sì wọn, kí wọ́n rán ọmọ wọn lọ ra ọtí ní ọjọ́ Iléyá, láìmọ̀.

Ó kúnlẹ̀ lórí táìlì. "Wáìnì ni, mà."

"Kí ni?"

"Ife kan. Ti Signora Martina ni mo sè, ọjọ́ ìbí wọn ni. Kì í ṣe tiyín. Mi ò lè... mo fẹ́ sọ, mà."

Alhaja ò pariwo. Ì bá dára kí wọ́n pariwo. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n tún wo ìkòkò. "Ìkòkò mi," ni wọ́n wí, bí ẹni ń kà á fún ara wọn.

"Ẹni tí kò mọ̀, Ọlọ́run ò ní bi í. Èmi ò mọ̀. Alhaji ò mọ̀. Ìwọ ńkọ́?"

Rẹ̀mí tẹjú mọ́ táìlì.

"Mo gbé ọwọ́ lé ọ lórí, Rẹ̀mí. Ò ń ṣe àmín." Wọ́n nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Alhaji wà ní pálọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ ni wàá fi lọ sọ fún wọn. Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́."

Láti ilé ìdáná dé pálọ̀, ìṣísẹ̀ méje ni. Alhaji Làmídì gbọ́ ọ títí tó fi parí. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún. "Mo bi ọ́," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì." Ó dé gíláàsì padà. "Ọlọ́run á forí jì wá. Dìde, ọmọ mi. Ó dáa tó o sọ ọ́." Ohùn náà rọ̀ bí òwú, ìyẹn ló sì jẹ́ kí omi bọ́ lójú Rẹ̀mí. Lórí àga tó kọjú sí wọn, Fàrídà dojú fóònù rẹ̀ bolẹ̀.

Lọ́sàn-án, ó bu díẹ̀ lọ fún Martina. Martina fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n gbé ṣíbí sẹ́nu. "Wáìnì dà?" ni wọ́n kọ́kọ́ wí. Rẹ̀mí ní òun ò fi sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ ẹ́ tán, àmọ́ Rẹ̀mí ò lè wo ojú wọn.

Alhaja ò lé e. Wọn ò pe ìyá rẹ̀ ní Cuneo. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe, àmọ́ wọn ò ṣe yẹ̀yẹ́ pásítọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni búrẹ́dì àti tíì fi jẹ́ oúnjẹ wọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn po. Ní ọjọ́ keje, Rẹ̀mí se ẹ̀wà, ó gbé e síwájú wọn, ó kúnlẹ̀. Alhaja ò gbé ṣíbí.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ẹ̀wà, mà. Epo pupa. Àlùbọ́sà."

"Kí ló tún kù?"

"Ata. Edé."

"Kí ló tún kù?"

Rẹ̀mí ronú, ó ronú dáadáa, kó má baà fi ohunkóhun sílẹ̀. "Iyọ̀, mà. Iyọ̀ díẹ̀."

Alhaja jẹ ẹ́. Títí di òní yìí, wọn ò tíì jẹ oúnjẹ rẹ̀ kan láìkọ́kọ́ bi í. Títí di òní yìí náà, ó máa ń kà á fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí orúnkún rẹ̀, títí kan omi.