Ilé Tí Wọn Ò Wó

Ẹni tó bá ní ọ̀gá wa ò mọṣẹ́, irọ́ ló pa. Ó mọ̀ ọ́n, ó tún mọ̀ ọ́n jù. Nígbà tí a dé àdúgbò yìí láti dènà ọ̀tá, ó ní ká wó gbogbo ilé tó wà níwájú yàrà wa, kí ojú ìbọn lè là. A wó wọn. Ilé kan ṣoṣo ló ní ká fi sílẹ̀, ilé ìyá tó bí i lọ́mọ.

Inú Màmá dùn kọjá ààlà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi àwọn aládùúgbò tó ń rẹrù lọ ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọmọ ló layé o! Ẹ̀yin, ta lẹ bí?"

Ọ̀gá ní ká fa wáyà sórí òrùlé, ká ri òpó rédíò mọ́ ọn, ká gbé ọkọ̀ ṣójà síwájú ilé. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Àwọn ọ̀tá ní nǹkan tó ń fò lókè, tó ń ṣe amí fún wọn. Tó bá rí wáyà, wọn á rò pé ibẹ̀ ni olórí wa wà, wọn á sì da ọta àgbá bo ibẹ̀. Àwa á wà lẹ́yìn òkè, a ó máa ṣọ́ ibi tí àgbá wọn ti ń dún, ká lè yìnbọn padà síbẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ètò yìí dáa. Ẹ jẹ́ ká kó Màmá kúrò."

Ó ń bó ọsàn. "Sájẹ́ǹtì, ilé tí ò yọ èéfín, tí ò sí aṣọ lórí okùn, ta ló máa tàn jẹ?"

"Ìyá yín ni, sà!"

"Ìyá ta ni ká wá fi síbẹ̀? Tìẹ?"

Háà! Ọkùnrin yìí burú! Mo sáré lọ bá Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ sá. Wọ́n fẹ́ fi yín tan ọ̀tá ni."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ìlara ló ń pa ọ́. Ọmọ mi tí ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ògiri mi?" Ló bá gbé tẹlifóònù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ so mọ́ ilé náà, ó fẹjọ́ mi sun ọmọ rẹ̀.

Ọ̀gá ò tiẹ̀ bínú. Ó dé, ó gbá mi léjìká. "Ilé olórí gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ṣọ́. Ìwọ ni kó o dúró. Tó o bá sá, àwọn tó wà nínú yàrà á yìnbọn pa ọ́." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ìwọ lo máa sin mí, ọmọ mi."

"Àmín, Màmá," ó wí, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Màmá gbé àga kan fún mi. Nǹkan amí náà ti yí òrùlé wa po títí, ó ti padà. Ọta àgbá àkọ́kọ́ bọ́ sórí àwókù ilé aládùúgbò, Màmá sì pàtẹ́wọ́. "Ṣé o rí i? Tiwọn náà ni wọ́n tún ń bá jà!"

Èkejì sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ.