Ìjàpá Òkun Ọmọ́lẹ́wà

Ọmọ tí mo bí sí Barking nílùú òyìnbó, tí mo fi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tọ́ dé yunifásítì, ó ní òun ń lọ tọ́jú ìjàpá òkun ní erékùṣù Kánárì. Mo ní, "Ọmọ́lẹ́wà, ìjàpá kẹ̀? Ṣé àlọ́ ni wọ́n gbé fún ẹ ṣe níṣẹ́ ni?" Ojú gbogbo ìjọ ni mo ti sọ ọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn. Ó di ọdún méjì kó tó tún pè mí.

Nígbà tó pè, ó ní kí n wá wo iṣẹ́ òun. Àmọ́ ẹni tí kò bá lè ti ojú bọ omi, kó máa fi páìpù mí, kò ní bá wọn wọ òkun. Mo ní màá kọ́ ọ. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta, Sátidé mẹ́ta gbáko ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì láti Rippleside àdúgbò wa lọ síbi ìlúwẹ̀ẹ́. Sylvanus tó ń kọ́ mi pariwo títí: "Mummy, ẹ mí now! For breathing ni páìpù yẹn!"

N kò lè mí. Èmi ni mo máa ń dúró ti àwọn obìnrin tó bá fẹ́ ṣe ìrìbọmi ní ìjọ Aládùúrà wa, tí mo ń kìlọ̀ fún wọn pé, "Ẹ sé èémí, ẹ dijú." Bí omi bá ti kàn mí lójú, ara mi á gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, á sé èémí.

Sátidé kẹrin ló yé mi pé ẹni tó ń kọrin kò lè sé èémí. Mo ti páìpù bọ ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin ìjọ wa lábẹ́ omi.

"Mummy, what's that noise?"

"Ìwọ ni noise!" Mo kùn ún dé ìparí.

Òkúta dúdú ni etíkun Kánárì, iná abẹ́ ilẹ̀ ló bì í síta láyé ijọ́un. Ọmọ́lẹ́wà kúnlẹ̀ kí mi, ó tètè dìde bí ẹni kí àlejò. Ó dùn mí.

A wọ òkun. Ẹ̀rù bà mí, mo ṣáà ń kun orin mi lọ. Ìjàpá kan wà nísàlẹ̀, ó tó àpò ìrẹsì ńlá, okùn ìpẹja há mọ́ ọn lápá. Ọmọ́lẹ́wà mòòkùn lọ bá a. Ó ń gé okùn náà díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe máa ń fi sùúrù tú irun òun náà ní kékeré. Ìjàpá na apá, ó lọ.

Bí a ṣe yọrí lókè omi, mo yọ páìpù lẹ́nu. "Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Màámi, ó ku ìjàpá méjì tí mo fẹ́ check. Ṣé ẹ ṣì lè?"

Mo ní kó máa lọ níwájú.